Pásípọ́ọ̀tù Tí Mo Kó Sínú Odó

Nínú fúláàtì wa ní Barking, òórùn ata ló máa ń sọ fún wa pé ìgbà ìwọ́wé ti dé. Nígbà tí oòrùn bá ṣì ń ràn, ìyá mi á ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ gbayawu, òórùn á bá tirẹ̀ lọ sójú títì. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, tí ewé igi iwájú ilé ti pọ́n, tí wọ́n ń já bọ́ sórí ọkọ̀ àwọn aládùúgbò, gbogbo fèrèsé di títì pa. Ata tí wọ́n bá sè láàárọ̀ Sátidé nígbà náà, a ó ṣì máa gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ iléèwé wa lọ́jọ́ Ajé. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ẹnikẹ́ni nínú oṣù kẹwàá tí mo gbóòórùn ata nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ọkàn mi kì í kọ́kọ́ lọ sí oúnjẹ. Ara máa ń kọ́kọ́ fu mí ná.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́dún tí mò ń wí yìí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan ní River Road, ìyá mi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, àbúrò mi obìnrin ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Èmi ni mo dẹ́ṣẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì yọ́ kúrò níléèwé lọ́sàn-án gangan, a lọ jókòó sí ilé ìtajà Vicarage Field, à ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, à ń fi gbogbo ẹni tó bá kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan rí wa. Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ojú àwọn ìyá wa ní Barking ju kámẹ́rà lọ. Bàbá mi ò nà mí. Ó kàn na ìka sí mi, ó ní, “Tí o bá tún dán irú ẹ̀ wò, ilé ni mo máa dá ẹ padà sí. You will go to boarding school. Wọ́n á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jí fọ aṣọ láago márùn-ún ìdájí.”

Ẹni tí kò bá dàgbà láàárín wa lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa ò jẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, torí a mọ ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń lọ ilé kéú lọ́jọ́ Sunday. Àwọn òbí rẹ̀ ní kó wá ká lọ kí ìyá àgbà nílé, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn di ọdún mẹ́ta. Nígbà tó padà dé, ó ti ga, ó ti gbẹ, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà láìjẹ́ pé ẹnì kankan sọ fún un. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó ní àwọn òbí òun ò bínú rárá kí wọ́n tó gbé òun lọ. Ó ní ńṣe ni wọ́n ń ṣìkẹ́ òun.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí dáadáa, mo mọ̀ pé ejò lọ́wọ́ nínú. Bàbá mi, tó jẹ́ pé Sátidé ni ọjọ́ oorun rẹ̀, dédé jí lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ó ní ká wọ bàtà òjò, a fẹ́ lọ sí oko elégédé. Ẹ̀yìn ìlú ni oko náà wà, wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èyí tó bá wù ú. Ilẹ̀ rẹ̀ rí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, ó ń rùn bí ewé tó ti rà. Àwọn ìdílé yòókù ń ti elégédé wọn nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìyá mi ní tirẹ̀, ewé ló tẹjú mọ́. Ó lọ bá ọkùnrin tó ni oko.

“Please sir, this leaf, are you people using it?”

“The leaves? No, love. They just rot.”

“Ah! Gbọ̀rọ̀ tó tutù báyìí!” Ó yíjú sí bàbá mi. “Dádì wọn, ẹ gbé báàgì wá.”

Òtútù ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú ewé náà, ṣùgbọ́n ó ṣa àwọn tó wà lórí ténté tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, títí báàgì mẹ́ta fi kún, a sì gbé elégédé kan mọ́ ọn. Mo fa fìlà ẹ̀wù mi bojú kí ẹnikẹ́ni má ba à mọ̀ pé ìyá mi ni.

Bí a ṣe délé, ó pè mí sí ilé ìdáná. Ó yẹ kí o mọ̀ pé ìyá mi kì í fẹ́ rí ẹlòmíràn nídìí ìkòkò rẹ̀, lílé ló máa ń lé mi jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ó fa àga fún mi. “Wá síbí. Wo ọwọ́ mi.” Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń bó okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ara igi gbọ̀rọ̀ kó má ba à há ni lọ́fun, bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀gúsí kí wọ́n tó dà á sínú epo, ìgbà tí iyọ̀ ń wọlé. Àbúrò mi ń sunkún ní ẹ̀gbẹ́ wa pé òun fẹ́ gbẹ́ ojú àti eyín sára elégédé bíi tàwọn ọmọ kíláàsì òun. Ìyá mi ní, “Oúnjẹ lo fẹ́ gbẹ́ ojú sí lára? Who does that?” Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi se àsáró. Èmi jẹ́ kí ẹ̀gúsí jó mọ́ ìdí ìkòkò. Mo ń dúró de ariwo, ariwo ò dé. Ó fọ ìkòkò fúnra rẹ̀, ó ní ká tún un ṣe. Ìyá mi tó máa ń pariwo bí mo bá fi ṣíbí kan ṣoṣo sílẹ̀ láìfọ̀!

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A se mọ́ínmọ́ín, a se ọbẹ̀ ata tó lè pẹ́ láìbàjẹ́, a se ẹ̀wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ra ewùrà ní ọjà East Street, ó ní kí n rin ín fún ìkọ́kọrẹ́. Ọwọ́ ń yún mi dé ìgúnpá. Ó ní, “Ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ ìkọ́kọrẹ́ sè, kí ló fẹ́ sọ fún èèyàn?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń ṣírò. Níbo ni wọ́n ti máa ń bi ọmọ ọdún mẹ́tàlá léèrè ìkọ́kọrẹ́? Kì í ṣe ní Barking. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá béèrè pé “Mọ́mì, what's all this for?” ó máa ń kọ́kọ́ wo inú ìkòkò kó tó dá mi lóhùn pé, “Ṣé kò dáa kéèyàn mọ oúnjẹ sè ni?” Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé wa lọ sí etíkun Southend. Ta ló ń lọ sétí òkun nínú òtútù? Omi ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ nìkan ló kù, atẹ́gùn ń gbá iyọ̀ mọ́ wa létè. Ìyá mi ra ọ̀dùnkún díndín fún wa, ó da ọtí kíkan sí tèmi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ, ó wá jókòó, ó ń wò wá bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Òun ò fẹnu kan nǹkan kan. Ó ní kí bàbá mi yà wá ní fọ́tò, kó tún wa yà, kó yà wá pẹ̀lú òun. Ó fa èmi àti àbúrò mi mọ́ra, ó ní, “Ẹ rántí òní o. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rántí òní.” Mo rí bàbá mi tó yára yíjú sí òkun. Àgbò Iléyá kì í mọ ìdí tí wọ́n fi ń fún òun ní èèpo iṣu lójoojúmọ́. Èmi mọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo wá fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ìyá mi ń lọ ata ní ilé ìdáná, ó ń bá ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ wa báyìí, á tẹ ẹ̀rọ ìlọta kó lè bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Kò tíì mọ nǹkan kan, Màámi,” ló ń wí. “Rárá, mi ò ní sọ fún un títí ọjọ́ náà á fi pé. Ọmọdé ni, ẹkún lá kàn máa sun. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n a ti pinnu. Mo ti ń di báàgì díẹ̀díẹ̀.”

Nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, mo lọ wo báàgì náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ló wà. Aṣọ ìwọ̀sùn tuntun méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, sálúbàtà tuntun. Mo ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà náà, ó bá mi mu rẹ́gí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ èmi àti ti ìyá mi ti di ọ̀kan náà.

Ẹni tí kò ní pásípọ́ọ̀tù kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo mọ ibi tí wọ́n ń kó wọn sí, nínú láílọ́ọ̀nù kan lábẹ́ aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, rọ́bà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tèmi nìkan ni mo fẹ́ yọ. Bí mo ṣe ń tú rọ́bà ni mo gbọ́ tí omi ilé ìwẹ̀ dákẹ́, mo bá kó gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ní odó kan tó gbé wá láti ilé, odó gidi tòun ti ọmọ odó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi gúnyán rí, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gòkè wá, wọ́n ní àjà fẹ́ wó lé àwọn lórí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé ni odó wà, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n ń gbé bàtà àti agboòrùn lé e. Mo ju láílọ́ọ̀nù náà síbẹ̀, mo dá aṣọ padà, mo to bàtà bó ṣe wà. Ó ti tó oṣù kan tí ọkàn mi ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kẹta ni wíwá bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó da inú báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ sí ọjà East Street, ó ń bi àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n bá òun rí láílọ́ọ̀nù. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù ṣe, èmi náà ò sì béèrè. Mo rò pé mo mọ̀. Bàbá mi ń pariwo lé e lórí. “Mo ní kí o tọ́jú wọn síbì kan! Now see. Ọjọ́ ti ń lọ. Ṣé kí n lọ rọ òmíràn ni?” Ìyá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Inú mi dùn. Bó ṣe rí gan-an ni mò ń sọ fún ẹ yìí: inú mi dùn.

Nígbà tí oṣù kọkànlá fẹ́ parí, tí igi iwájú ilé ti wà ní ìhòòhò, mo jí lọ́jọ́ Ajé kan, mo bá bàbá mi nílé, kò lọ síbi iṣẹ́. Báàgì yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ti wé ìborùn rẹ̀, ó ní, “Tètè wọ ẹ̀wù òtútù ẹ ká máa lọ.” Mo sáré wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

“Ṣílẹ̀kùn jàre,” ìyá mi wí.

“Mi ò lọ!”

“O ò lọ síbo?”

“I'm not going Nigeria! I swear down, Mọ́mì, mi ò lọ! Ẹ ò lè gbé mi lọ!”

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ẹ̀yìn. “Nigeria kẹ̀? Ta ló ń lọ sí Nigeria?”

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Dádì wọn, ẹ mú àbúrò ẹ̀, ẹ lọ dúró dè wá nínú mọ́tò.” Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ti lọ tán, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn dáadáa. “Èmi ni mò ń lọ,” ló wí. “Kì í ṣe ìwọ. Ọsibítù ni mò ń lọ.”

Mo ṣílẹ̀kùn. Ó jókòó sétí ibi tí a ti ń wẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi wéré wéré, ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìju tí wọ́n ń pè ní fibroid ti gba inú rẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nílé nígbà kan, kò jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ ọ́ fún wa, ìdí nìyẹn náà tó fi ń kọ́ mi lóúnjẹ. “Mo ní tó bá lọ rí bákan, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, ẹnì kan á wà tó máa lè se oúnjẹ fún dádì ẹ àti àbúrò ẹ.” Ó fi etí ìborùn nu ojú. “Ìyá mi ni mo fẹ́ kó wà níbí. Wọ́n ní kí n ya àwòrán pásípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́ kí Màámi tó lè lọ gba físà. Mi ò rí i. I looked everywhere.”

Mo lọ sídìí odó, mo kó bàtà kúrò, mo mú láílọ́ọ̀nù náà wá. Ó gbà á, ó wò ó, ó wò mí. Mo rí ìgbà tó yé e. Mò ń retí ìgbájú, ì bá tilẹ̀ dùn mọ́ mi nínú tó bá fọ́ mi létí, torí mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tẹ láílọ́ọ̀nù náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó fa síìpù. “Inú báàgì yìí ni mo ti rí i. Ṣé o gbọ́ mi?” Nínú mọ́tò, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi fi ọwọ́ gbá ìdarí ọkọ̀. “Báàgì tí o tú lẹ́ẹ̀mẹta!” Ìyá mi ní, “Ojú mi ló fò ó. Ẹ má bínú.” Obìnrin tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, tó rò pé òun lè má padà wálé, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí.

Ó yè é, àlùámúdù. Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀, èmi ni mo sì ń se oúnjẹ nílé. Lọ́jọ́ kẹrin, a lọ kí i, mo gbé díẹ̀ lọ fún un nínú gbọ̀rọ̀ tí a ti sè sínú fíríìsà. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, “Iyọ̀ ẹ pọ̀,” ó sì jẹ ẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó rẹ́rìn-ín sí mi. “You must be Iya mi,” ó wí. “When she woke up after the operation she just kept calling you.” Ìyá mi yíjú sí ògiri. Mi ò sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé kì í ṣe èmi ló ń pè. Ẹni tó ń pè wà ní Ìjẹ̀bú, èmi ni mo sì dá a dúró síbẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Ìyá àgbà padà rí físà gbà, ó dé nígbà tí òdòdó ti ń yọ, ọgbẹ́ sì ti jiná. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi bínú sí ìyá mi nínú ọkàn mi, pé ká ní ó sọ fún mi ni, mi ò bá tí jí nǹkan kan kó. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí wa á fi nǹkan pamọ́ fún wa, á hàn lójú wọn, á hàn lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì tún ní ká má fura. Ṣùgbọ́n ẹnu tó fi pa àìsàn rẹ̀ mọ́ fún mi, ẹnu yẹn kan náà ló fi pa ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́ fún gbogbo ayé, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè gba ọ̀kan kí n kọ èkejì. Ìfura náà ò tíì kúrò lára mi. Ilé tèmi wà ní Dagenham báyìí, bí ìyá mi bá pè mí pé kí n wá jẹun láìsí ọdún, láìsí àlejò, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ohun tó sè.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà tún wá kí wa. A jọ jókòó jẹun ọ̀sán, ìyá mi sì gbàgbé láti gbé omi sórí tábìlì. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, ó tún ti gbàgbé! Ẹni tó kó pásípọ́ọ̀tù sínú báàgì tó tún ń wá a káàkiri ọjà. Òun náà ni ò jẹ́ kí n lè dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n la inú ẹ̀.” Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn…”

Ìyá mi mú ẹran tó tóbi jù nínú abọ́, ó fi sínú àwo mi. “Mo máa ń gbàgbé nǹkan,” ó wí fún ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí. “Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ mí.”

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó fi pa mí lórí. “Ọpẹ́lọpẹ́ pé èyí ò jọ ẹ́,” ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi,” ìyá mi dáhùn. “Ọpẹ́lọpẹ́.”

Ojú tì mí, mo sì jẹ ẹran náà.